Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Ti Àjẹ̀ Bọ Omi?

Kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀ tán ni wọ́n ti ń bi mí ní Òṣogbo pé ìgbà wo ni mo máa kó lọ pátápátá. Ẹlẹ́ran bi mí. Ẹni tó ń bá mi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe bi mí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní tí mo bá ti mọ ọjọ́, kí n tètè sọ kí òun lè wá ẹlòmíràn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti dé, wọn ò tíì dẹ́kun; ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí ná. Màá sọ bó ṣe rí fún yín, ṣùgbọ́n ti ilé gogoro àti ọ̀nà tó ń dán kọ́ ni màá sọ, nítorí ẹ ti rí ìyẹn nínú fóònù yín. Ti odò kan ni màá sọ, àti ti ẹni tó gbé mi débẹ̀.

Kẹ́hìndé ni mí. Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọkọ mi ti di olóògbé, ọmọ mi kan ṣoṣo sì ti wọ yunifásítì, nítorí náà èmi àti àwọn adìyẹ mi la kù sílé. Táíwò, ìkejì mi, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Toronto, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà níbẹ̀. Kò lọ́kọ, kò bímọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, gbólóhùn kan náà ló ń sọ fún mi lórí fóònù: ó dùn, máa bọ̀. Èmi náà á ní mo gbọ́. Lọ́dún yìí ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí n wá lo ìsinmi mi lọ́dọ̀ òun, kí n fojú ara mi rí i, kí n sì sọ kí n tó wọ bàálù padà bóyá mo ń bọ̀ wá bá òun gbé àbí n kò wá. Ó ní èyíkéyìí tí mo bá sọ, òun kò ní bínú. Èmi tí a jọ gbé inú kan náà, mo mọ̀ pé yóò bínú.

Àbúrò tó dàgbà jù mí lọ

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó yẹ ìwé ìrìnnà mi wò ní pápákọ̀ òfurufú jẹ́ ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ó bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ni mò ń lọ. Mo ní ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin. Ó ní ọjọ́ wo ni wọ́n bí i, mo sọ ọ́. Ó wo ìwé mi, ó tún wo ojú mi, ó ní ọjọ́ kan náà mà nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbejì ni wá. Ó ní ta ló kọ́kọ́ jáde? Mo ní òun ni, ìdí tó fi jẹ́ àbúrò nìyẹn.

Ó ní kò yé òun. Mo wá fara balẹ̀ ṣàlàyé, bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, pé èmi ni mo rán an jáde kó lọ tọ́ ayé wò wá fún mi, pé ẹni tó ránni níṣẹ́ sì ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń mí kanlẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀ sínú ìwé náà, ó ní kí n bá òun kí àbúrò mi tó dàgbà jù mí lọ.

Táíwò ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù díẹ̀. Ṣe ló dà bíi pé mo ń wo ara mi nínú dígí lẹ́yìn ààwẹ̀. Ó kúnlẹ̀ láàárín èrò, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ó sì bú sẹ́rìn-ín. Òyìnbó bàbá kan tó ń ti ẹrù lọ rò pé ṣe ló ṣubú. Ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá gbé e dìde, ó ń béèrè bóyá orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Èmi àti Táíwò rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi dé sí i, bàbá náà sì ń bẹ̀ wá, ó ń ní ẹ má bínú, ẹ má bínú.

Ilé tó wà lókè

Weston ni Táíwò ń gbé, lókè pátápátá nínú ilé kan tí èèyàn lè máa wo odò Humber láti ojú fèrèsé rẹ̀. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ní ìwà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọn á di ilẹ̀kùn mú dè ọ́ títí wàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nítorí ìtìjú. Mo tẹ ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, òun ló tún bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti wọ lífìtì, kálukú á gbójú sókè bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Èmi kì í wọ ibi tí èèyàn wà kí n má kí wọn. Mo ń kí wọn láràárọ̀, wọ́n ń dáhùn wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá arúgbó kan tó wá láti Jàmáíkà nìkan ló ń fi gbogbo ẹnu dáhùn, tó tún ń béèrè bóyá mo sùn dáadáa. Nígbà tó yá, tí n kò bá tètè jáde, ó ń di lífìtì mú dè mí.

Ní ti oúnjẹ, ebi ò pa mí. Iṣu Gánà wà, gàrí wà, ata sì wà tó ń ta èèyàn lẹ́nu. Àwọn onílẹ̀ ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń dá ọbẹ̀ ẹran lé lórí pòtétò díndín, tí wọ́n á wá da wàrà sí i. Mo ní ta ló kú tí wọ́n fi ń fi oúnjẹ ṣòfò báyìí? Mo jẹ ẹ́. Mo tún jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó gba ọkàn mi nínú ilé náà kò ju àga lọ. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì Táíwò. Ọ̀kan ti gbó níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń kàn. Èkejì ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ṣọ́ọ̀bù. Èmi ló rà á dè. Mo tú ọ̀rá náà, mo jókòó. Ó máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó máa ń dé pẹ̀lú àárẹ̀, á jẹun, á béèrè pé ṣé mo gbádùn ọjọ́ mi. Mo bá a dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ rí mi nínú ìró àti bùbá, ó rò pé Táíwò ni mí, ó bú sẹ́kún ayọ̀, ó ní òun ti ń sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì yìí tipẹ́ pé kó máa wọ aṣọ ìlú rẹ̀. A kò já a ní koro.

Ètò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn mi

Uncle Fẹ́mi ni olórí ọ̀rọ̀ odò yìí. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ń bá wọn to mọ́tò ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Oakville, àwọn àti Táíwò sì jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti dé ìlú yìí, ìrẹsì ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ń jẹ tí ooru bá dé; ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n ń kú sí. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, àwọn máa ṣe ohun tí àwọn onílẹ̀ ń ṣe: àwọn máa wọ ọkọ̀ rọ́bà lórí odò Ottawa.

Wọ́n wá sílé wa, Táíwò ṣí kọ̀ǹpútà, ìjókòó ètò bẹ̀rẹ̀. Uncle Fẹ́mi fẹ́ kí a din ẹran, kí a sì gbé ìrẹsì nínú kúlà. Mo ní ṣé òkú la fẹ́ lọ sin ni? Wọ́n ní kí Táíwò má dá mi lóhùn, ẹni tó jẹun nílé ò mọ ebi àjò. Ọ̀nà méjì ló wà lórí odò náà, ọ̀kan fún àwọn ọmọdé àti àwọn tó fẹ́ kí omi máa rọra gbé wọn lọ, èkejì fún àwọn tí ara wọn ń yún wọn. Táíwò sọ fún mi pé ọ̀nà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ la máa gbà. Mo yọjú wo àwòrán tó wà níbẹ̀: àwọn èèyàn nínú ọkọ̀, omi funfun yí wọn ká, ẹnu gbogbo wọn là sílẹ̀. Mo rò pé orin ni wọ́n ń kọ.

Etí odò Ọ̀ṣun ni wọ́n bí wa sí, àwa méjèèjì ò sì lè lúwẹ̀ẹ́. Mo sọ èyí. Táíwò ní wọ́n máa fún wa ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Lẹ́yìn ìyẹn ó wò mí lójú, ó ní tí a bá ti dé láti odò, òun máa fẹ́ gbọ́ èsì òun. Ìsinmi mi ti ń lọ sópin nígbà náà. Mo ní ó dáa.

Ẹni tó ń dúró de ẹni

A rìn jìnnà kí a tó débẹ̀. Igi, adágún omi, igi, adágún omi, títí ó fi sú mi. Ọmọbìnrin tó máa tukọ̀ wa ń jẹ́ Kelsey, òyìnbó ni, apá rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ń gúnyán fún àgbo ìgbéyàwó. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó béèrè orúkọ mi, ó sì tún un pè títí tó fi pè é ní Kẹ́hìndé gan-an, kò pè é ní Kéìhìndì bíi ti àwọn tó kù. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ó fún kálukú ní igi pẹlẹbẹ tí a fi ń wa omi. Uncle Fẹ́mi béèrè pé kí là ń pe èyí lédè wa, kò sẹ́ni tó rántí, àfi èmi olùkọ́. Mo ní àjẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Auntie Kẹ́hìndé, ẹ fohùn yín sílẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má lọ rò pé ẹ ní àjẹ́ ló wà lọ́wọ́ wa."

Tọkọtaya òyìnbó kan ló bá wa kún ọkọ̀ náà. Kelsey jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ó ní àwọn méjì tó bá wà níwájú ni yóò máa kọ́kọ́ ti àjẹ̀ bọ omi, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa wo ọwọ́ wọn. Ó yan èmi àti Táíwò. Ó ní níwọ̀n bí a ti jọra tó yìí, ọwọ́ wa yóò bára mu. Mo gbọ́ tí Uncle Fẹ́mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, n kò mọ ìdí rẹ̀.

Ibi tí omi ti rọ̀, a ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ariwo kan níwájú, bíi ti ẹ̀rọ ìlọta tó pọ̀ níbì kan. Ọkọ̀ yí igun, mo rí omi tó ń hó, tó ń fò sókè, tó sì tún ń wọlẹ̀. Mo wo Táíwò. Ó ń wo ìsàlẹ̀. Ọ̀nà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ nìyẹn! Mo ní Olúwa á ṣèdájọ́ èmi àti ẹ.

Kelsey pariwo pé síwájú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbé àjẹ̀ mi sókè, mo ń dúró de Táíwò. Láti kékeré, Táíwò ló máa ń ṣíwájú. Òun ló kọ́kọ́ rìn, òun ló kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ wá sọ bó ṣe rí fún mi, òun ni bàbá wa ń rán níṣẹ́ tí èmi á sì jókòó. Ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ti ń kọ́kọ́ ṣe nǹkan. Táíwò náà gbé tirẹ̀ sókè, ó ń dúró dè mí, nítorí àbúrò kì í bọwọ́ ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń wò wá bí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe. Àjẹ̀ gbogbo wa dúró lókè, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí síbùú. Uncle Fẹ́mi ké pé ta ni ẹ ń dúró dè. Àwa méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Òun ni!"

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ kẹ́yìn kí omi tó gbá èmi àti Táíwò jù sínú odò.

N kò ní sọ fún yín pé mo rí ìmọ́lẹ̀. Omi ni mo rí, ó ní àwọ̀ bíi tíì, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí tó yà mí lẹ́nu gan-an láàárín ikú. Mo mu ún yó. Jákẹ́ẹ̀tì fà mí sókè, mo mí, omi tún bò mí, ó tún fà mí sókè. Orúkọ Táíwò ni mò ń pè, kì í ṣe ti Ọlọ́run, kí Ó dárí jì mí. Lẹ́yìn náà ni odò náà kàn dákẹ́ lójijì, bí ọmọ tí wọ́n fún lọ́mú, mo sì rí i pé mo ń léfòó létí àpáta kan, Táíwò di ọrùn jákẹ́ẹ̀tì mi mú, èmi náà di tirẹ̀ mú. Títí di òní a ò mọ ẹni tó gba ẹnì kejì là.

Lórí àpáta

Kelsey kó àwọn tó kù gúnlẹ̀, ó ní kí gbogbo wa sinmi kí a jẹun. Ó béèrè ohun tó ṣe wá, ó ní ohùn òun kò ha ròkè tó ni? Uncle Fẹ́mi fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìbejì fún un látòkèdélẹ̀, wọ́n sì gbé kúlà ìrẹsì wọn sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ náà. Tọkọtaya òyìnbó yẹn jẹ ẹ́, ata ta wọ́n, wọ́n tún tọrọ sí i.

Èmi àti Táíwò jókòó lọ́tọ̀ lórí àpáta. Ẹ̀rù ti lé gbogbo ẹ̀tàn kúrò lára mi. Mo ní, "Táyé, òótọ́ ni kó o sọ fún mi. Ṣé ó dùn níbí?"

Ó fún omi kúrò nínú irun rẹ̀. Ó ní, "Ó dùn. Irọ́ kọ́ ni mo ń pa fún ẹ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, mo ń sùn, ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tí màá sọ fún pé ó dùn ni kò sí."

Mo ní ṣebí ó máa ń pè mí nígbà gbogbo.

"Mo máa ń pè ẹ́ kí n lè ní kó o máa bọ̀," ó ní. "Tí mo bá ti sọ ìyẹn, wàá ní o gbọ́. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

Ó dùn mí wọ eegun, nítorí bó ṣe rí gan-an ló sọ ọ́. Èmi náà sì ní òótọ́ tèmi, ó sì yẹ kó gbọ́ ọ. Mo sọ fún un pé n kò ní wá gbé. Mo ní ìlú náà dára, mo ti rí i, inú mi sì dùn pé mo rí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ibi tí mo wà: àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, àdúgbò tí wọ́n ti ń pe orúkọ mi láti ọ̀nà jíjìn. Mo ní kó má wulẹ̀ ní kí n máa bọ̀ mọ́. Tó bá pè mí, kó sọ ohun tó rí fún mi.

 Ó yí ojú sí odò, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, mo rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo fọwọ́ kàn án. Kò tì mí dànù, ṣùgbọ́n kò wojú mi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe padà sínú ọkọ̀, iwájú náà sì ni Kelsey tún kó wa sí, ọmọ yẹn ò gbẹ̀kọ́. Ariwo omi tún bẹ̀rẹ̀. Ó ké pé síwájú. Àjẹ̀ Táíwò dúró lókè, ó ń wo ọ̀kánkán, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Mo ti tèmi bọ omi. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn. Táíwò tẹ̀ lé mi, àwọn ará ẹ̀yìn tẹ̀ lé wa, a sì gba inú omi tó ń hó náà kọjá, a jáde lódì kejì. Ẹnu gbogbo wa là sílẹ̀ bí ti àwọn ará inú àwòrán. Kì í ṣe orin o.

 Nínú mọ́tò, ìgbà tí a kọjá Downsview, tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ló tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń bínú sí mi. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ebi ń pa òun. A dúró ra pòtétò ọlọ́bẹ̀ ẹran yẹn, a jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan.

Ilé

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń béèrè, n kò kó lọ. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fọkàn balẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹ má gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé àjò náà kò dùn. Tí wọ́n bá ní kí n padà lọ gun odò yẹn lọ́la, màá lọ.

Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo dé, Táíwò kò pè mí. Èmi ni mò ń pè é, a ń kí ara wa bí àlejò. Nígbà tó yá, ó pè lọ́jọ́ kan tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, kò sì ní kí n máa bọ̀. Ó ní òun rí àwọn ẹja ńlá ní odò Humber tí wọ́n ń fò lòdì sí omi níbi tó ti ń já bọ́ láti òkè, ọ̀kan fò títí, kò rí ibẹ̀ gùn, ó sinmi, ó tún fò. Mo bi í bóyá ó gùn ún níkẹyìn. Ó ní òun dúró títí ọkọ̀ fi fi òun sílẹ̀, ẹja náà gùn ún. Láti ìgbà yẹn, ó ń pè. Bàbá kan níbi iṣẹ́ kọ̀ láti jẹun àfi tí wọ́n bá bá a kọrin. Ìyá Jàmáíkà béèrè mi. Ìsọkúsọ lásán ni, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè nígbà tí mò ń máàkì ìwé ìdánwò ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó ní yìnyín àkọ́kọ́ lọ́dún yìí ti ń bọ́, òun ń wò ó láti ojú fèrèsé. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí. Ó ní kí n dúró, kí òun jáde sínú rẹ̀ ná kí òun tó dá mi lóhùn. Mo gbọ́ tó ń wá bàtà, mo gbọ́ ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó kí ẹnì kan nínú lífìtì.

Mo gbé bírò mi sílẹ̀, mo dúró dè é.